Ìwọ̀fà Ayé Òde Òní: Ọ̀rọ̀ Lórí Àwọn Tí Ó Ń Ṣe Kọ̀ǹpútà Tí A Ń Rà

Nígbà tí ìgbìmọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ pinnu pé kọ̀ǹpútà ni ẹ̀bùn àjọ̀dún tí a ó fún ilé-ìwé wa, ohun tí a rò pé yóò dà wá láàmú ni owó. A dá owó, a ka owó, a wádìí iye tí àwọn ọlọ́jà ń tà á. Ohun tí ó wà lọ́wọ́ wa tó ra ogójì, bí a bá mú èyí tí owó rẹ̀ kéré jù lọ. Nínú ìpàdé tí a pe àwọn òbí sí, ìyá kan dìde, òun fúnra rẹ̀ jáde ní ilé-ìwé yìí, ọmọ rẹ̀ sì wà níbẹ̀ lónìí. Ó ní òun kò lòdì sí ogójì, ṣùgbọ́n òun fẹ́ mọ ohun tí ó mú kí owó ẹ̀rọ kan kéré tó bẹ́ẹ̀ sí ti èkejì. “Àbí ẹlòmíràn ni ó ti bá wa san ìyókù?” Bí ó ti béèrè nìyẹn. Ó ní àbúrò òun ṣiṣẹ́ ọdún méjì ní ilé-iṣẹ́ kan lókè òkun, gbèsè àjẹ́ńtì ni ó sì fi owó ọdún kìíní san tán. Kò sí ẹni tí ó rí èsì fún un nínú wa. Ìgbìmọ̀ ní kí àwa mẹ́rin lọ wádìí ọ̀rọ̀ náà, kí a sì kọ ohun tí a bá rí sínú ìwé ìròyìn yìí.

Ohun tí a kọ́kọ́ rí ni pé kò sí ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo tí ó ń ṣe kọ̀ǹpútà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Orúkọ tí ó wà lára ìdérí rẹ̀ jẹ́ orúkọ ẹni tí ó gbèrò rẹ̀ tí ó sì ń tà á. Ó dà bí aṣọ tí ẹnì kan ran òwú rẹ̀, tí ẹlòmíràn hun ún, tí ẹlòmíràn rán an, tí ẹni tí ó gbé e lọ sí ọjà sì lẹ orúkọ tirẹ̀ mọ́ ọn lọ́rùn. Kóbáltì inú bátìrì rẹ̀ lè ti ilẹ̀ Kóńgò wá, nítorí ibẹ̀ ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú kóbáltì ayé ti ń jáde. Ní agbègbè Kolwezi, àwọn kan ń fi ọwọ́ àti ṣọ́bìrì wà á nínú ihò tí ó lè wó nígbàkígbà. Amnesty International àti ẹgbẹ́ Afrewatch tẹ ìwé jáde ní 2016 pé àwọn ọmọdé wà lára àwọn tí ń ṣa òkúta náà. Àwọn ègé tín-ín-rín tí ó jẹ́ ọpọlọ ẹ̀rọ náà lè wá láti Taiwan tàbí Gúúsù Kòríà, kí a dán wọn wò ní Màléṣíà, kí a sì to gbogbo rẹ̀ pọ̀ ní Ṣáínà tàbí Vietnam. Ọ̀rọ̀ kóbáltì ti di mímọ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, nítorí náà a kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ìbéèrè ìyá yẹn ni a fẹ́ dáhùn, Màléṣíà sì ni èsì rẹ̀ ti hàn gbangba jù lọ.

Ní erékùṣù Penang, ní ìhà àríwá Màléṣíà, ìjọba ya ilẹ̀ kan sọ́tọ̀ ní Bayan Lepas ní 1972 fún àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó ti ilẹ̀ òkèèrè wá. Intel wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọbìnrin ilẹ̀ Màléṣíà ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ń jókòó sídìí iṣẹ́ náà. Nígbà tí ó yá, àwọn ilé-iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kó òṣìṣẹ́ wá láti Nepal, Indonéṣíà, Bangladesh, Myanmar àti Vietnam.

Ọ̀nà tí a gbà ń kó wọn wá ni kí ẹ fara balẹ̀ wò. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó ni a ó sọ ìtàn rẹ̀. Bí ó ti ń rí fún púpọ̀ nínú wọn ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní abúlé kan ní Nepal. Alágbàtà wá bá a pé iṣẹ́ wà ní Màléṣíà, iṣẹ́ abẹ́ òrùlé, nínú yàrá tí ó mọ́ tí ó sì tutù, owó oṣù rẹ̀ sì dára. Alágbàtà yìí mú un lọ bá àjẹ́ńtì ní Kathmandu. Àjẹ́ńtì yẹn ní ẹnìkejì ní Màléṣíà. Ẹnìkejì yẹn ni ó mọ ilé-iṣẹ́. Olúkúlùkù wọn ni yóò jẹ níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tí ó ń wá òṣìṣẹ́ kì í san nǹkan kan, tàbí kí ó san díẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ni ó ń san owó físà, owó àyẹ̀wò ara, owó ọkọ̀ òfurufú, àti ti gbogbo ọwọ́ tí ìwé rẹ̀ gbà kọjá. Bàbá rẹ̀ kò ní irú owó bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi ilẹ̀ dógò, wọ́n ta wúrà ìyá rẹ̀, wọ́n yá ìyókù lọ́wọ́ olówó èlé. Gbèsè ti wà lọ́rùn rẹ̀ kí ó tó gbé ẹsẹ̀ wọ ọkọ̀ òfurufú. Nígbà tí ó dé ọ̀hún, ìwé àṣẹ iṣẹ́ rẹ̀ so ó mọ́ agbanisíṣẹ́ kan ṣoṣo. Bí ó bá kúrò lọ́dọ̀ ẹni náà, ó di arúfin, àwọn agbófinró sì lè mú un. Wọ́n wá gba ìwé ìrìnnà rẹ̀, wọ́n ní àwọn ń bá a tọ́jú rẹ̀ ni.

Ní 2014, àjọ kan tí ń jẹ́ Verité, tí ó máa ń ṣe ìwádìí lórí ipò àwọn òṣìṣẹ́, tẹ èsì iṣẹ́ kan jáde tí ìjọba Amẹ́ríkà fi owó ràn án lọ́wọ́ láti ṣe. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ wá òṣìṣẹ́ 501 lẹ́nu wò ní àwọn ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Màléṣíà. Ìdá 28 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni ó ń ṣe ohun tí òfin àgbáyé ń pè ní iṣẹ́ àfipáṣe. Nínú àwọn àjèjì tí ó wà láàrin wọn, ìdá 92 nínú ọgọ́rùn-ún ti san owó kí wọ́n tó rí iṣẹ́, ìdá 94 sì ni ìwé ìrìnnà wọn kò sí lọ́wọ́ wọn nígbà tí a bá wọn sọ̀rọ̀. A kò fi ẹ̀wọ̀n sí wọn lẹ́sẹ̀. Gbèsè àti ìwé ni a fi dè wọ́n.

Àwa Yorùbá kò ṣàìní orúkọ fún ohun tí ó jọ èyí. Àwọn àgbà tí ó wà láàrin wa gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn òbí tiwọn: ìwọ̀fà ni. Ẹni tí owó ká mọ́ láyé àtijọ́ a yá owó lọ́wọ́ olówó, a mú onígbọ̀wọ́ dání, a sì fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú. Ọmọ bíbí inú ìlú ni, ó sì lè ní oko tirẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó ń ṣe lóko olówó, èlé lásán ni. Ebè tí ó kọ lónìí kò dín gbèsè kù; ojú owó náà wà níbẹ̀ gbọn-in, ọdún a sì máa gorí ọdún títí ẹnì kan yóò fi rí odindi owó san. Àwọn òbí wa fi í sílẹ̀, òfin sì kà á léèwọ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó dàgbà sórí gbèsè tí wọn kò mọ ìgbà tí a jẹ ẹ́.

Bí a bá fi méjèèjì wéra, a kò lè sọ pé ti ayé òde òní sàn. Ìwọ̀fà mọ olówó rẹ̀, olówó náà sì mọ ará ilé rẹ̀. Bí ó bá lù ú ju bí ó ti yẹ lọ, onígbọ̀wọ́ lè bá a wí. Ẹni tí ó wà ní Penang kò mọ ẹni tí ó jẹ owó rẹ̀. Olówó èlé wà ní abúlé, àjẹ́ńtì wà ní Kathmandu, agbanisíṣẹ́ wà ní iwájú rẹ̀, àwa tí a ó ra ẹ̀rọ náà sì wà níhìn-ín. Bí ó bá wá ẹni tí yóò gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, olúkúlùkù a máa na ìka sí ẹlòmíràn.

Àwọn tí ó jókòó ní kíláàsì Ìmọ̀ Bíbélì pẹ̀lú wa yóò rántí orí 24 nínú ìwé Deuteronómì, níbi tí òfin ti ka gbígba ọlọ lọ́wọ́ onígbèsè léèwọ̀, nítorí pé òun ni ó fi ń jẹun. Nígbà náà, a há ẹsẹ náà sórí láìmọ ohun tí a ń há. Kí ni ìwé ìrìnnà àjèjì bí kò ṣe ọlọ rẹ̀?

Ẹ lè béèrè pé ṣé kò sí òfin ni. Ó wà, ó sì pọ̀. Ní 2004, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá, tí HP, Dell àti IBM wà lára wọn, jọ kọ ìlànà kan fún àwọn tí ń bá wọn ṣe ẹ̀rọ. Ẹgbẹ́ tí ó ń bójú tó ìlànà náà ni a ń pè ní Responsible Business Alliance láti 2017. Ìlànà yìí sọ pé iṣẹ́ kò gbọdọ̀ ju wákàtí 60 lọ́sẹ̀, pẹ̀lú àfikún àkókò, àyàfi bí ohun àìròtẹ́lẹ̀ bá ṣẹlẹ̀. Pé òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ sinmi ní ọjọ́ kan nínú méje. Pé a kò gbọdọ̀ gba ìwé ìrìnnà ẹnikẹ́ni. Ní ti owó àjẹ́ńtì, ohun tí a kà sí àṣejù tẹ́lẹ̀ ni iye tí ó bá ti ju owó oṣù kan lọ. Ní 2015 ni wọ́n tó yí i padà pé òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ san kọ́bọ̀ láti rí iṣẹ́, bí ó bá sì ti san án, kí a dá a padà fún un. Ní tiwa, nínú gbogbo ohun tí ó wà nínú ìlànà náà, èyí ni ó wúwo jù, nítorí pé ẹni tí gbèsè bá wà lọ́rùn rẹ̀ kò lè lo ìyókù. A lè fún un ní ẹ̀tọ́ láti sinmi, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ni yóò bẹ̀bẹ̀ pé kí a jẹ́ kí òun ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ ìsinmi.

Láti kọ ìlànà kò le. Láti mọ̀ bóyá a ń tẹ̀ lé e ni iṣẹ́. Àwọn olùṣàyẹ̀wò ni a máa ń rán lọ sí ilé-iṣẹ́, nígbà púpọ̀ ni a sì máa ń sọ ọjọ́ tí wọn yóò dé ṣáájú. Ẹ̀yin tí a jọ wà ní ilé-ìwé yìí, ẹ rántí ọjọ́ tí olùbẹ̀wò láti ilé-iṣẹ́ ètò-ẹ̀kọ́ ń bọ̀. A ti gé koríko, a ti fi ẹfun kun òkúta ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, a ti kó ìgò inú yàrá sáyẹ́ǹsì jáde kí a nù wọ́n, àwọn tí bàtà wọn ti ya ni a sì ní kí ó jókòó sẹ́yìn. Olùbẹ̀wò kò parọ́ nínú ìwé rẹ̀. Ohun tí ó rí ni ó kọ. Ti owó àjẹ́ńtì tilẹ̀ tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé abúlé ni a ti san án, láìsí ìwé-ẹ̀rí, kò sì sí ojú ìwé kan nínú ìṣirò ilé-iṣẹ́ tí yóò ti hàn. Wọ́n ti kọ́ òṣìṣẹ́ náà ní ohun tí yóò sọ. Ó sì mọ̀ pé bí òun bá tú àṣírí tí ilé-iṣẹ́ sì pàdánù iṣẹ́, òun ni a ó kọ́kọ́ dá padà sílé, pẹ̀lú gbèsè lọ́rùn. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ òtítọ́ gbọ́dọ̀ bá a sọ̀rọ̀ ní èdè rẹ̀, ní ibi tí ó ń sùn, lẹ́yìn iṣẹ́, kí ó sì jẹ́ ẹni tí òṣìṣẹ́ náà lè fọkàn tán.

Síbẹ̀, a kò ní sọ pé asán ni gbogbo rẹ̀. Ní 2014, HP gbé ìlànà jáde pé ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ fúnra rẹ̀ gba òṣìṣẹ́ àjèjì síṣẹ́, láìjẹ́ kí àjẹ́ńtì dúró bí agbanisíṣẹ́ láàrin wọn. Apple kéde pé owó tí àwọn tí ń bá òun ṣe ẹ̀rọ ti dá padà fún òṣìṣẹ́ láti 2008 ti lé ní mílíọ̀nù 30 dọ́là. A yìn wọ́n fún un, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ wò ó dáadáa: a kì í dá owó padà bí a kò bá ti gbà á. Iye yẹn ni ó sọ fún wa bí àṣà náà ti gbilẹ̀ tó.

Owó nìkan kọ́ ni òṣìṣẹ́ ń fi san ìyókù tí ìyá yẹn béèrè. Ara pẹ̀lú wà níbẹ̀. A kò lè kọ̀wé fún àwọn òbí kí a má sọ ti Hwang Sang-gi, ọkùnrin kan tí ó ń wa takisí ní Gúúsù Kòríà. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Hwang Yu-mi, gba iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Samsung ní Giheung ní 2003, nígbà tí ó ń parí ilé-ìwé girama. Ọ̀ṣọ́ ni iṣẹ́ náà lójú aládùúgbò, ayọ̀ ni fún ìdílé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa rì awẹ́ tí a fi ń ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà bọ inú kẹ́míkà. Ní 2005 a rí i pé ó ní jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Ọmọbìnrin kan tí wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ náà kú nípa àrùn kan náà ní 2006. Ní oṣù kẹta 2007, bí bàbá rẹ̀ ti ń wà á bọ̀ wálé láti ilé ìwòsàn, Yu-mi kú sí ẹ̀yìn takisí náà. Ọmọ ọdún 22 ni.

Ilé-iṣẹ́ náà kò gbà pé iṣẹ́ ni ó pa á. Bàbá rẹ̀ kò mọ òfin, kò ní owó agbẹjọ́rò, ṣùgbọ́n kò jókòó. Ó lọ sọ́dọ̀ àjọ tí ń san owó ìtọ́jú fún ẹni tí iṣẹ́ bá pa lára, wọ́n kọ̀ fún un. Ó gba ilé ẹjọ́ lọ. Àwọn ìdílé mìíràn tí ọmọ wọn kú bẹ́ẹ̀ kó ara wọn jọ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ní 2011 ilé ẹjọ́ dá a láre, ní 2014 ilé ẹjọ́ tí ó ga jù ú lọ tún fọwọ́ sí ìdájọ́ náà. Ní oṣù kọkànlá 2018, ọ̀gá àgbà kan ní Samsung dúró ní gbangba, ó tọrọ àforíjì, ilé-iṣẹ́ náà sì gbà láti san owó fún àwọn tí àìsàn ti bá, títí dé àwọn tí ó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láti 1984. Ọdún mọ́kànlá ó lé ni bàbá náà fi rìn.

Ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ ní, bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, kí a kúkú ra tòkunbọ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ti kọjá lọ́dọ̀ ẹni tí ó kọ́kọ́ rà á. Ó dùn-ún gbọ́. Lóòótọ́, kọ̀ǹpútà tí a tún lò pẹ́ dín iye tuntun tí a ó ṣe kù, kò sì sí ohun tí ó burú nínú tòkunbọ̀ tí ó bá ṣì dára. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ka ẹrù tí ó gba èbúté Èkó wọlé ní 2015 àti 2016 rí i pé nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù irú ẹ̀rọ àlòkù báyìí ni ó ń wọlé lọ́dún, ó kéré tán ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni kò sì ṣiṣẹ́ mọ́. Èyí tí kò ṣiṣẹ́ ni àwọn ọ̀dọ́ ń fi òkúta fọ́ lẹ́yìn ọjà, tí wọ́n ń sun wáyà rẹ̀ kí wọ́n lè rí bàbà inú rẹ̀ tà. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ọmọ tiwa ni ó ń fa èéfín náà símú.

Ibi tí a ti rí ìrètí díẹ̀ ni ọ̀dọ̀ àwọn tí ó dà bí tiwa, àwọn tí kò ṣe ẹ̀rọ ṣùgbọ́n tí ń rà á ní ọ̀pọ̀. Ní Yúróòpù, àwọn yunifásítì, ilé ìwòsàn àti ìjọba ìbílẹ̀ kó owó jọ sábẹ́ àjọ kan tí ń jẹ́ Electronics Watch. Àjọ yìí ń bá àwọn ẹgbẹ́ tí ó sún mọ́ òṣìṣẹ́ ṣiṣẹ́, kí wọ́n lè gbọ́ tẹnu wọn ní ìta ilé-iṣẹ́. Ní Thailand, nípa irú ìgbìyànjú bẹ́ẹ̀, ilé-iṣẹ́ kan dá owó àjẹ́ńtì padà fún òṣìṣẹ́ tí ó ju 10,000 lọ, tí púpọ̀ wọn ti Myanmar wá. Ilé-ìwé kan ṣoṣo kò lè ṣe irú rẹ̀. Ohun tí ilé-ìwé kan lè ṣe ni kí ó béèrè àmì. Láti 1992 ni àwọn ará Sweden ti ń fún àwọn ẹ̀rọ kan ní àmì tí a ń pè ní TCO Certified. Lónìí, ẹni tí ó ń ta ẹ̀rọ tí ó ní àmì yìí gbọ́dọ̀ jẹ́ kí àwọn tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ rẹ̀ yẹ ilé-iṣẹ́ tí a ti to ó wò, kí ó sì tún ohun tí wọ́n bá rí ṣe. A mọ ohun tí a ti sọ nípa àyẹ̀wò. Àmì kì í ṣe ìbúra. Ó sàn ju kí a má béèrè ohunkóhun.

A kọ lẹ́tà sí àwọn ọlọ́jà mẹ́ta. Ohun mẹ́ta ni a béèrè: níbo ni a ti to ẹ̀rọ yìí, ǹjẹ́ òṣìṣẹ́ tí ó tò ó san owó kí ó tó rí iṣẹ́, bí ó bá san án, ta ni yóò dá a padà fún un? Ọlọ́jà kìíní kò fèsì. Èkejì pè wá lórí fóònù, ó rẹ́rìn-ín, ó ní láti ìgbà tí òun ti ń ta ọjà, ẹnikẹ́ni kò tíì bi òun ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí, ṣùgbọ́n òun yóò bá wa béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó ń kó o wá fún òun. Ẹ̀kẹta fi orúkọ ẹ̀rọ kan ránṣẹ́ sí wa pẹ̀lú nọ́ńbà ìwé-ẹ̀rí rẹ̀. A yẹ̀ ẹ́ wò nínú àkọsílẹ̀ àwọn tí ó fún un ní àmì, a sì bá a níbẹ̀.

Owó ẹ̀rọ ẹ̀kẹta yìí ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ohun tí a ní lọ́wọ́ yóò ra mọ́kànlélọ́gbọ̀n dípò ogójì. Èyí túmọ̀ sí pé ní àwọn kíláàsì tí ó kún, ọmọ méjì ni yóò jókòó sí ìdí ẹ̀rọ kan. Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fara mọ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ṣùgbọ́n kì í ṣe tiwa láti pinnu. Owó gbogbo ẹgbẹ́ ni, ọmọ gbogbo òbí sì ni. A ó gbé ọ̀rọ̀ náà sí iwájú ìpàdé gbogbogbòò ní ọjọ́ Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ àjọ̀dún, ní gbọ̀ngàn ilé-ìwé, lẹ́yìn ìsìn ìdúpẹ́. Lẹ́tà tí a kọ àti èsì méjèèjì tí a rí gbà yóò wà lórí tábìlì ní ẹnu ọ̀nà, kí ẹ lè kà á kí ẹ tó wọlé.